Fìlà páálí ni tíṣà ní kọ́mọ ṣe, ìyá rẹ̀ ló sáré lọ rà á lọ́jà

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ táwọn tíṣà máa ń ní káwọn ọmọ mú wá sílé ìwé ti di ẹrù orí ìyá báyìí. Bí wọ́n bá dárúkọ ìgbálẹ̀, ìyá á rà á. Bó bá jẹ́ agbọ̀n ni, ìyá náà ni. Bọ́mọ bá wá gbé fìlà páálí tí wọ́n kọ ìpolówó ọjà sí dé kíláàsì, tó ń dán gbinrin, tíṣà á fún un ní máàkì, ó parí. Ta wá ni wọ́n fún ní máàkì náà? Ìyá tó náwó ni, àbí ọmọ tí kò fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí?

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe là á sílẹ̀ o. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ohun tí wọ́n ń lé ni pé kọ́mọ lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan. Ètò ọlọ́dún mẹ́sàn-án tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008 náà ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà, Cultural and Creative Arts, nínú.

Ẹ wo Ìfọ́n, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Orólù, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìlú Òrìṣà Olúfọ́n, òrìṣà aláṣọ funfun, nìyẹn. Ọmọ tó dàgbà níbẹ̀ mọ̀ pé ohun funfun kì í bo àbàwọ́n mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni páálí funfun: bí gọ́ọ̀mù bá dà sí i, gbogbo ayé ló máa rí i.

Iṣẹ́ náà kò sì le. Okùn ni wọ́n máa fi wọn orí ọmọ, wọ́n á wá na okùn náà sórí rúlà. Bó bá jẹ́ 54 sẹ̀ǹtímítà, kí wọ́n gé páálí 57, nítorí 3 tó lé yẹn ni wọ́n máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò níbùú àti lóròó. Ọ̀nà tó bá ti tẹ̀ wẹ́rẹ́ ni kó yí orí ká. Bí wọ́n bá fẹ́ fi etí sí i, kí wọ́n fi 6.28 pín 54. Nǹkan bí 8.6 tó bá jáde ni wọ́n máa ṣí kọ́ńpáàsì sí. Ìṣirò tọ́mọ sá fún láàárọ̀ ti bá a nídìí fìlà lọ́sàn-án nìyẹn! Kí wọ́n sì kọ̀wé sí i kó tó di róbótó.

Kí ni wọ́n máa kọ? Fésìkáàpù táwọn olóṣèlú ń pín nígbà ìbò lọ̀pọ̀ ọmọ mọ̀, èyí tí wọ́n ya agboòrùn tàbí ìgbálẹ̀ sí. Àmọ́ ọmọ oníṣòwò lè kọ ọ́ pé: "Gààrí Ìyá Mi: Ó Gbẹ, Kò Níyanrìn." Kó má gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí orí tó ń rìn làwọn èèyàn máa ti kà á. Kó sì kọ́kọ́ lọ wo gààrí náà dáadáa. Bí iyanrìn bá wà níbẹ̀, irọ́ ló gbé sórí.

Ẹjọ́ ìyá nìkan kọ́ o. Bí tíṣà bá sọ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ pé òun fẹ́ rí fìlà láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí ni ìyá tó ti ọjà dé lálẹ́ fẹ́ ṣe? Kíláàsì ni kí wọ́n ti ṣe é, lójú tíṣà, kálukú pẹ̀lú páálí tiẹ̀.

Fìlà tó wọ́ díẹ̀, tí gọ́ọ̀mù dà sí, àmọ́ tó ba orí ọmọ tó ṣe é mu, òun ló yẹ kí máàkì rẹ̀ pọ̀ jù. Èyí tí wọ́n rà lọ́jà yẹn, orí ta ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n?