Ta Ni Ń Wo Ọ̀gá?

Nínú ìpàdé tó kọjá, ọ̀rọ̀ ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà. Ó mú wa rántí iṣẹ́ kan tí wọ́n ń kọ́ ní Amẹ́ríkà: iṣẹ́ ìtọ́jú ìdílé, èyíinì ni bíbá tọkọtaya àti àwọn ọmọ yanjú èdèàìyedè tó ń da ilé rú.

Ní ìlú Philadelphia, láti 1965, Salvador Minuchin ni olórí ilé ìtọ́jú ọmọdé kan. Òun àti Jay Haley kọ́ àwọn ará àdúgbò tí kò ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì pàápàá níṣẹ́ yìí. Ọmọṣẹ́ yóò jókòó ti ìdílé nínú yàrá. Ọ̀gá yóò wà lẹ́yìn dígí kan tó jẹ́ pé òun ń rí wọn, wọn kò rí i. Bí ọmọṣẹ́ bá fẹ́ ṣìnà, tẹlifóònù á dún: bóyá kí ó bi bàbá tí kò tíì lanu sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, kì í ṣe ká kàn gbọ́ ìròyìn lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ta ni ń wo ọ̀gá fúnra rẹ̀? Ní 1983, Edward Bordin kọ ọ́ pé kí àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí wọ́n ń lọ, lórí ohun tí kálukú yóò ṣe, kí wọ́n sì fọkàn tán ara wọn. Ní 1990, àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta ṣe ìwé ìbéèrè, ọ̀kan fún ọ̀gá, ọ̀kan fún ọmọṣẹ́. Nọ́ńbà 1 dé 7 ni wọ́n fi ń dáhùn. Ohun tó wù wá níbẹ̀ ni pé ẹnu méjì ni wọ́n ń gbọ́. Bí ọ̀gá bá kọ 7, tí ọmọṣẹ́ kọ 3, ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ gan-an ni ká wò.

Wàhálà kan wà o. Ọ̀gá ni yóò fọwọ́ sí ìwé ọmọṣẹ́. Ta ló fẹ́ kọ 2 fún un? Ní 1996, Nicholas Ladany àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bi àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn léèrè. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀, gbogbo wọn ló jẹ́wọ́ pé àwọn ń fi nǹkan pamọ́ fún ọ̀gá: àṣìṣe tiwọn, tàbí pé ìwà ọ̀gá kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Bí àṣìṣe bá wà nípamọ́, ìdílé tó wá gba ìmọ̀ràn ló ń jìyà rẹ̀.

Àwa náà ńkọ́? Kí a tó yá ọmọṣẹ́ tó gba òmìnira lówó, ọ̀gá rẹ̀ là ń bi. A kì í bi ọmọṣẹ́ nípa ọ̀gá. Láti oṣù tó ń bọ̀, ìgbìmọ̀ yóò máa bi àwọn méjèèjì, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nígbà tí ẹ̀kọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, kì í ṣe lọ́jọ́ òmìnira. Ìwé náà wà lọ́wọ́ akápò. Òun ni kí ọmọṣẹ́ dá a padà fún, kì í ṣe ọ̀gá.