Fátúmbí: Ẹni tí Kámẹ́rà Mú Dé Ilé Ifá

Àwọn baba wa fẹ́ràn iṣẹ́ ìdílé. Ọmọ alágbẹ̀dẹ a fín ẹwìrì, ọmọ onílù a gbé gángan kọ́ èjìká. Ẹni tí ó bá pa iṣẹ́ ilé rẹ̀ tì lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, àwọn ẹbí a ní nǹkan ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn baba kan náà ni ó sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ẹ jẹ́ kí á wo Pierre Verger. Ìlú Páríìsì ni wọ́n bí i sí ní 1902, nínú ìdílé ọlọ́rọ̀ tí ó ní ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ní 1932, ìyá rẹ̀ jáde láyé. Ọdún yẹn gan-an ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kọ́ ọ ní fọ́tò yíyà. Ó ní kámẹ́rà Rolleiflex kan, ó sì dágbére fún ayé ọmọ olówó. Ó rin ayé kiri fún nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá, kí ó tó gúnlẹ̀ sí Salvador, ní Bahia, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, ní 1946.

Kámẹ́rà yìí tó ohun tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí. A kì í gbé Rolleiflex bojú. Ọ̀gangan àyà ni a ń gbé e sí, ayafọ́tò a sì tẹ orí ba kí ó tó rí àwòrán nínú dígí òkè rẹ̀. Lójú tèmi, ó bá ìwà wa mu: àgbà tí a fẹ́ yà kò ní rí àlejò tí ó fi ẹ̀rọ bojú, ẹni tí ó tẹríba ni yóò rí. Fọ́tò méjìlá péré sì ni fíìmù kan gbà. Ẹni tí ó ń lò ó ní láti jókòó ti àwọn ènìyàn, kí ó mọ̀ wọ́n, kí ó dúró. Inú ìdúró yẹn ni mo rò pé adùn iṣẹ́ náà wà.

Ní Bahia, ó bá àwọn ọmọ Yorùbá tí ń bọ Ṣàngó, Ọ̀ṣun àti Yemọja. Ní 1948, ó sọdá sí Dàhòmì, tí à ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Ó ń mú fọ́tò ará ọ̀hún wá fún ará ìhín, ó sì ń mú ti ìhín padà lọ. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí àwọn Faransé ní Dakar, tí ó ń ràn án lọ́wọ́, sọ fún un pé fọ́tò nìkan kò tó, àfi kí ó kọ̀wé. Kò wù ú rárá! Síbẹ̀, ó kọ ọ́. Ìwé rẹ̀ lórí òrìṣà jáde ní 1957, èyí tí ó kọ lórí ewé sì jáde ní 1995.

Ní Kétu, ní 1953, ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ nífá, tí ó di babaláwo, tí wọ́n sọ ọ́ ní Fátúmbí: Ifá tún mi bí. Ó ti pé ẹni àádọ́ta ọdún nígbà náà.

Salvador ni ó kú sí ní 1996. Fọ́tò tí ó fi sílẹ̀ lé ní 60,000, ilé rẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n sì ń tọ́jú wọn sí. Ẹni tí baba rẹ̀ àgbà bá jẹ́ abọ̀rìṣà ní Kétu tàbí ní Òṣogbo láyé ìgbà náà, kí ó má yà á lẹ́nu bí ó bá bá a pàdé níbẹ̀.