Ọ̀ṣọ́ Inú Ilé Ọmọlangidi

Ẹni tí ó bá ń rìn kiri nínú ìsọ̀ àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ní Ìlú Ọba, níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù oríṣiríṣi kí wọ́n lè fi owó rẹ̀ ran aláìní lọ́wọ́, kò ní pẹ́ kan ilé onípákó kékeré kan tí ó ní òrùlé, tí ó ní fèrèsé, tí ó sì ní àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ ṣófo, nítorí pé ọmọ tí wọ́n rà á fún ti dàgbà, ó ti di ìyálé ilé, àga àti ibùsùn inú rẹ̀ sì ti fọ́nká. Rachel Whiteread, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ọ̀pọ̀ ọdún ra irú ilé bẹ́ẹ̀ jọ títí wọ́n fi tó bí 150. Ó tò wọ́n bí abúlé, ó tan iná sínú wọn, kò sì gbé ohun kan sí yàrá kankan. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ní tèmi, àwọn tí ó ń ra ilé kan ṣoṣo, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn dá ẹrù padà sínú rẹ̀, ni mo wà lẹ́yìn wọn.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni pé ilé ni ọ̀gá, ìwọ̀n rẹ̀ ni ẹrù gbọ́dọ̀ tẹ̀lé. Ìwọ̀n tí ó gbòde jù lónìí ni ìdá kan nínú 12, èyíinì ni pé ínǹṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Òun ni Sir Edwin Lutyens, ayàwòrán ilé, lò fún ilé ọmọlangidi Ọbabìnrin Mary, tí wọ́n parí ní 1924, tí ó sì wà ní ààfin Windsor di òní olónìí, ilé tí omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ rẹ̀, tí iná mànàmáná ń tàn nínú rẹ̀, tí àwọn ìwé tín-ín-tìn-tín tí àwọn ògúnná gbòǹgbò òǹkọ̀wé kọ, Arthur Conan Doyle wà lára wọn, sì kún yàrá ìkàwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé àlòkù ni ó tẹ̀lé ìwọ̀n yìí. Ọ̀pọ̀ ilé Tri-ang, tí iléeṣẹ́ Lines Brothers ṣe, jẹ́ bí ìdá kan nínú 16; ti Lundby, láti ilẹ̀ Swídìn, jẹ́ ìdá kan nínú 18. Tábìlì tí ó ga ní 30 ínǹṣì nínú ilé wa yóò di ínǹṣì méjì ààbọ̀ nínú ilé onídàá 12, kò sì ní pé ínǹṣì méjì nínú ti Tri-ang. Nítorí náà, kí ẹ tó fi ayùn kan igi, ẹ kọ́kọ́ fi rúlà wọn ilẹ̀kùn. Ẹ má sì ṣe ha ọ̀dà àtijọ́ ní gbígbẹ, nítorí òjé lè wà nínú rẹ̀, eruku òjé sì léwu fún ọmọdé.

Ní Amsterdam, Petronella Oortman, aya ọlọ́rọ̀ oníṣòwò, bẹ̀rẹ̀ ilé ọmọlangidi tirẹ̀ ní nǹkan bí 1686, kò sì dẹ́kun títí di bí 1710. Owó tí ó ná lé e lórí tó ra ilé gidi kan létí odò ìlú náà. Kí èyí má ṣe já ẹnikẹ́ni láyà. Ohun tí ọwọ́ onísùúrù lè fi ohun àgbéjùnù ṣe pọ̀: páálí ìṣáná mẹ́fà tí a lẹ̀ mọ́ra, tí a fi bébà wé, tí a sì fi ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ibi ìdìmú wọn, ti di kọ́bọ́ọ̀dù ìkáṣọsí, sítáǹbù lẹ́tà di àwòrán ara ògiri, ọmọrí ọṣẹ ìfọyín di ìkòkò òdòdó. Àwọn àgbà ní bí a bá fara balẹ̀ pa eèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀.

Aṣọ ni ó le jù lọ. Igi gbà kí á gé e kéré, bébà gbà kí á yàn án ní fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n fọ́nrán òwú kò mọ̀ pé ọmọlangidi ni a ń ránṣọ fún. Bí ó ti nípọn tó nínú aṣọ wa náà ni yóò ṣe nípọn tó nínú tirẹ̀, ìdí sì nìyí tí kọ́tìnnì tí a kàn gé tí a so kọ́ fi máa ń nà gbọọrọ síta láìfẹ́ wálẹ̀. Ẹ wá áńkáṣíìfù ògbólógbòó tí fífọ̀ ti sọ di fẹ́lẹ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú sítáàṣì, ẹ tẹ́ ẹ sórí páálí líle, kí ẹ sì ṣẹ́ ẹ po ní ìṣẹ́po tín-ín-rín, kí ẹ máa fi abẹ́rẹ́ olórí kan gún ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan lókè, kí ẹ fi òmíràn gún un nísàlẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tí ẹ bá yọ abẹ́rẹ́, aṣọ náà yóò dúró bí ẹ ti fẹ́ kí ó dúró. Ẹ má ṣe ká etí rẹ̀ rán, yóò nípọn jù. Gọ́ọ̀mù díẹ̀ tí a fi orí igi ìtayín tọ́ sí i ti tó kí ó má baà tú. Iṣẹ́ kékeré ni lójú ẹni tí kò ṣe é rí, ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì adìyẹ.

Àwa ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire kì í ṣe àlejò níbi iṣẹ́ yìí. Yinka Shonibare, oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962 tí ó sì dàgbà ní Èkó, ṣe ilé ọmọlangidi kan ní 2002 ní àwòkọ ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù: ara ilé náà jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì ayé Ọbabìnrin Fikitóríà, ó sì mú àńkárá wọ inú rẹ̀. Ìyá tí ó bá ń tọ́ ọmọ ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, lè ṣe bákan náà nínú ilé àlòkù tirẹ̀. Kí ó ṣọ́ra fún àńkárá olódòdó ńlá, nítorí òdòdó kan péré yóò bo odindi àga; àárín àwọn òdòdó náà, níbi tí àmì rẹ̀ ti jẹ́ tóótòòtó, ni kí ó gé. Aṣọ òkè nípọn jù láti fi ṣe ìbora, ṣùgbọ́n àgékù tí ó bọ́ lára fìlà, bí a bá tú òwú etí rẹ̀ méjèèjì díẹ̀ kí ó di wàjàwàjà, di ẹní àtàtà fún yàrá àlejò. Ilé ìdáná ni kí ó fi lé ọmọ náà lọ́wọ́, kí ó fún un ní amọ̀ láti fi mọ ìkòkò ọbẹ̀, kí ó sì sọ fún un pé kí ó mọ ọ́n tóbi díẹ̀ ju ìwọ̀n lọ, nítorí amọ̀ a máa sún kì bí ó bá gbẹ.