Férémù Olówó Pọ́ọ́kú, Ojú Idẹ

Bí ẹ bá wọ pálọ̀ àwọn àgbà nílùú Ọ̀fà, tí ẹ gbójú sókè sí ara ògiri, ẹ ó rí wọn: bàbá tó jókòó nínú agbádá, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, ìyá tó dá ìborùn bo orí lọ́dún tó ti Mẹ́kà dé, ọmọ tó wọ aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́yege, bóyá ti Federal Polytechnic tó ti wà nílùú náà láti 1992. Àwọn fọ́tò yìí nilé fi ń sọ fún àlejò pé àwọn báyìí ló ni ibi tó jókòó sí. Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ṣèwádìí iṣẹ́ fọ́tò láàárín Yorùbá, pàápàá ní Ìlá-Ọ̀ràngún tí kò jìnnà sí Ọ̀fà, kọ ọ́ sínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní 1978 pé fọ́tò àgbà ní ìlànà tirẹ̀. Bí àgbà ṣe jókòó, aṣọ tó wọ̀, ibi tó gbé ọwọ́ lé, ipò rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń sọ. Síbẹ̀, ẹni tí a bu ọlá fún tó báyìí, inú férémù ike tí góòlù ojú rẹ̀ ń bó bí èèpo àlùbọ́sà la sábà máa ń fi í sí. A lè tún irú férémù bẹ́ẹ̀ ṣe nílé, kó sì jọ idẹ tàbí fàdákà tó ti pẹ́ lọ́wọ́ ìdílé. Ohun tí mo fẹ́ fi yé òǹkàwé ni pé kì í ṣe àìlówó ló ń mú férémù dà bí ohun yẹpẹrẹ. Dídán rẹ̀ ló dọ́gba jù.

Ẹ jẹ́ ká wo bàbà gidi ná. Ní Tada, abúlé kan létí odò Ọya ní ìpínlẹ̀ Kwara kan náà tí Ọ̀fà wà, ère ọkùnrin kan wà níbẹ̀ nígbà kan tó jókòó, tó ká ẹsẹ̀ kan sókè. Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì bàbà ni wọ́n fi rọ ọ́, ọnà ara rẹ̀ sì jọ ti Ifẹ̀ ìgbàanì. Kí ère náà tó di ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àwọn ará Tada a máa gbé e lọ sódò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọn a fi òkúta wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, kí ọmọ lè pọ̀ nílé, kí ẹja lè pọ̀ lódò. Ohunkóhun tí a bá fi bàbà tàbí idẹ ṣe, tí ọwọ́ ń kàn án, ibi tó yọ síta ni yóò máa tàn. Inú kòtò rẹ̀, níbi tí ọwọ́ kò dé, yóò ṣókùnkùn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbà ọwọ́ ọlọ́ṣun rí, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ilẹ̀kùn àtijọ́ rí. Ojú wa ti mọ èyí tipẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó kọ́ wa. Ìdí nìyẹn tí férémù tí ẹ̀rọ fọ́n góòlù sí lára láti òkè délẹ̀, láìku kọ̀rọ̀ kan, fi ń jẹ́wọ́ ara rẹ̀ kí a tó fọwọ́ kàn án. Kò ní ibi tó ṣókùnkùn, kò sì sí ibi tí ọwọ́ ti jẹ ẹ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Dídán náà ní àṣejù tirẹ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé ṣé kì í ṣe ayédèrú nìyí. Igi tí a kùn bí idẹ, igi náà kọ́ ni? Igi náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ àwọn Àṣáńtì ní Gánà, tí wúrà pọ̀ nílẹ̀ wọn dé ibi pé wúrà ni òyìnbó fi sọ etíkun Gánà lórúkọ. Ọ̀pá tí agbẹnusọ ọba wọn ń mú dání, tí ère ẹyẹ tàbí ti ènìyàn wà lórí rẹ̀, igi gbígbẹ́ ni. Abala wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó. Kò sẹ́ni tó jẹ́ pe ọ̀pá ọba ní ayédèrú. Àwọn férémù ńláńlá tó wà láàfin àwọn ọba Yúróòpù, igi ni àwọn náà. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹfun pò mọ́ àtè rẹ́ igi ọ̀hún, wọ́n á fi amọ̀ pupa lé e, kí wọ́n tó wá tẹ́ abala wúrà sórí rẹ̀, èyí tó fẹ́lẹ́ dé ibi pé bí a bá to 10,000 rẹ̀ lé ara wọn, nǹkan bíi mìlímítà 1 péré ni yóò ga. Nígbà tí wúrà bá gbówó lórí jù, àwọn oníṣẹ́ wọn a lo abala fàdákà, wọn a wá fi fánííṣì tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ kùn ún, ó di góòlù. Ẹ̀tàn ò sí nínú kíkùn. Inú ọ̀rọ̀ ẹnu olùtà ni ẹ̀tàn wà. Ẹni tó bá gbé férémù igi lọ sí ọjà Ọwọ́dé l'Ọ̀fà, tó ní idẹ ni, olè ni. Ẹni tó gbé e kọ́ sí ògiri ara rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ ni, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó rẹ aṣọ funfun láró.

Èyí tó tún yẹ ká mọ̀ ni ohun tó wà nínú góòlù tí à ń rà. Lẹ́búlẹ́bú tí àwọn káfíńtà àti wẹ́dà tó ń ṣe géètì ń pò mọ́ fánííṣì kò ní wúrà kankan nínú. Idẹ ni, ìyẹn bàbà àti síǹkì tí wọ́n yọ́ pọ̀, tí wọ́n sì sọ di ìpẹ́ wẹ́wẹ́. Bí bàbà inú rẹ̀ bá pọ̀, àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n; bí síǹkì bá pọ̀ sí i, á fà sí àwọ̀ ọsàn wẹ́wẹ́. Ti sílífà, àlùmíníọ́mù ni. Nígbà tí a bá kùn ún, ìpẹ́ wọ̀nyí á sùn lé ara wọn bí ìpẹ́ ẹja, ìmọ́lẹ̀ á sì ta padà lára wọn. Bí ara igi bá rí págunpàgun, wọn kò ní sùn dáadáa, àwọ̀ náà á sì dà bí iyẹ̀pẹ̀. Ìdí nìyí tí ìpalẹ̀mọ́ fi ju kíkùn lọ nínú iṣẹ́ yìí. Ìyàtọ̀ mìíràn tún wà láàárín méjèèjì: afẹ́fẹ́ àti òógùn ọwọ́ a máa mú idẹ ṣá, kó pọ́n ràkọ̀, tàbí kó tutù bí ewé, àlùmíníọ́mù kì í tètè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, góòlù gbọ́dọ̀ ní fánííṣì aláìláwọ̀ lójú. Sílífà lè wà láìní in.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò le, sùúrù ló fẹ́. Ẹ fi pláyà yọ ìṣó kéékèèké ẹ̀yìn férémù, ẹ yọ páálí, fọ́tò àti gíláàsì, ẹ gbé wọn síbi tí ọ̀dà kò lè ta sí. Ẹ fi ọṣẹ fọ férémù, nítorí èéfín àti òróró ọwọ́ ọlọ́dún gbọọrọ wà lára rẹ̀, kó sì gbẹ di ọjọ́ kejì. Ẹ fi sáńpépà tó kúnná ha á díẹ̀, kí dídán àtijọ́ lè kú, kí ọ̀dà tuntun lè rí nǹkan dì mú. Bí ibì kan bá ti jẹ, ẹ fi pọ́tì dí i. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ ló wá kàn, òun sì ni àṣírí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Fún sílífà, ẹ lo dúdú. Fún góòlù, ẹ lo pupa rúsúrúsú, irú èyí tí àwọn wẹ́dà ń fi kun irin kó má baà dípẹtà. Amọ̀ pupa tí àwọn oníṣẹ́ Yúróòpù ń fi sábẹ́ wúrà, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe: níbi tí góòlù bá ti fẹ́lẹ́, pupa abẹ́ rẹ̀ á yọjú díẹ̀, àwọ̀ náà á sì móoru. Nígbà tó bá gbẹ tán, ẹ bu lẹ́búlẹ́bú bí ìdajì ṣíbí kékeré sínú ọmọrí ìgò, ẹ da fánííṣì díẹ̀ sí i. Ẹ má pò ó púpọ̀, á dì. Ẹ ti ẹnu búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, ẹ wá nu ún sára páálí títí yóò fi dà bíi pé kò ku nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ yìí ni ẹ ó fi máa gba orí ọnà férémù kọjá, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́. Ibi tó yọ síta nìkan ni yóò gba góòlù. Inú kòtò á wà ní pupa rẹ̀. Ẹ dá ọwọ́ dúró nígbà tó bá kù díẹ̀ kó tẹ́ yín lọ́rùn. Lọ́jọ́ kejì, ẹ bu ọ̀dà dúdú tí a ti là sí kọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi àkísà nù ún kíá; èyí tó bá kù nínú kòtò ni yóò máa ṣe bí ìdọ̀tí ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn kan ń lo pólíìṣì bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ dípò ọ̀dà dúdú, ó sì dára gan-an, àmọ́ kò sí fánííṣì tí yóò dúró lórí pólíìṣì. Fánííṣì ni kó ṣáájú, kí pólíìṣì gbẹ̀yìn.

Àtakò tó lágbára jù lọ ni ti ike. Ọ̀pọ̀ férémù olówó pọ́ọ́kú tó wà lọ́jà lónìí kì í ṣe igi, àti pé irú ike kan wà lára wọn tó jẹ́ ìbátan fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí. Ẹni tó bá ti rí i bí pẹtiróòlù ṣe ń jẹ fóòmù yẹn yóò mọ ohun tí tínà máa fi ojú férémù ṣe. Ọ̀dà inú agolo tí a ń fọ́n burú jù níbẹ̀. Ojú ike á hunjọ bí ojú arúgbó. Ẹ fi òwú tó ní tínà kan ẹ̀yìn férémù níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i. Bó bá lẹ̀ mọ́ra, ẹ ti mọ irú ẹni tí ẹ ń bá lò. Irú rẹ̀ kò gba ọ̀dà wẹ́dà rárá. Ọ̀dà olómi tí a fi ń kun ògiri, tó ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú, ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kó sì gbẹ kanrin. Búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ kì í gbé fánííṣì tó lè wọlé dé ara ike.

Ojú ọjọ́ Ọ̀fà náà lọ́rọ̀ í sọ. Nígbà ọyẹ́, eruku tó ti òkè Ọya wá kì í jẹ́ kí fánííṣì tutù sùn mọ́jú láìní hóró lójú. Nígbà òjò, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kó gbẹ bọ̀rọ̀, òmíràn á sì fín funfun. Àárín méjèèjì, nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró tí ọyẹ́ kò tíì dé, ló dára jù. Bí ẹ kò bá lè dúró dè é, ẹ kùn ún síta lábẹ́ òjìji, ẹ wá gbé e wọ yàrá tí kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀, kí ẹ fi páálí ńlá bò ó títí yóò fi gbẹ. Ti ewu, n kò ní fi pamọ́. Tínà àti iná ìdáná kò gbọdọ̀ rí ara wọn. Lẹ́búlẹ́bú idẹ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà ìbomú ṣe pàtàkì nígbà tí a bá ń pò ó. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú. Gbèdéke tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ń gba àwọn orílẹ̀-èdè níyànjú láti fi sófin ni ìpín 90 nínú mílíọ̀nù kan, ọ̀pọ̀ ọ̀dà ayé àtijọ́ sì kọjá bẹ́ẹ̀ fíìfíì. Eruku òjé tó ń jáde lára òkúta wúrà ló pa àwọn ọmọdé tó lé ní 400 ní Zamfara ní 2010, kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Férémù tí a ti kùn láti ayé bàbá ńlá, ẹ má ha á ní gbígbẹ. Ẹ fi omi rin sáńpépà, kí àwọn ọmọ kúrò nítòsí.

Wọ́n tún lè sọ pé kí wọ́n kúkú ra tuntun, tàbí pé à ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe férémù. Tuntun tó wà lọ́jà, dídán tó dọ́gba yẹn náà ló ní, ìwọ̀n rẹ̀ kì í sì í sábà bá gíláàsì àtijọ́ mu. Ní ti oníṣẹ́, gígé igi ní kọ̀rọ̀ kí ẹnu méjèèjì pàdé gẹ́ẹ́, àti gígé gíláàsì, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni, kò sí ẹni tó ń bá wọn dù ú. Bí wọ́n bá gbọ́n, wọn á máa ta férémù igi tí wọn kò tíì kùn, kí oníbàárà lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ parí rẹ̀. Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú alátakò ni ti férémù tí agbẹ́gilére fi ọwọ́ gbẹ́, tàbí èyí tí àwọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Irú ìyẹn kò nílò góòlù ẹnikẹ́ni. Ẹ nu eruku ara rẹ̀, ẹ dá a padà sórí ògiri.

Bí fọ́tò bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ má fà á. Ọ̀rinrin ló so wọ́n pọ̀, ojú ẹni inú rẹ̀ ni yóò sì ya. Ẹ fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kí ẹ kun férémù nìkan. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá ìṣó ẹ̀yìn padà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú pẹ́ńsùlù, ẹ kọ orúkọ ẹni tó wà nínú fọ́tò, orúkọ agboolé rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n yà á sí ara páálí. Ẹni tó tún máa tú férémù náà lè má mọ̀ ọ́n rí.