Obìnrin 28 nílé aṣòfin Àjàṣẹ́: kí ló ṣẹlẹ̀?

Nínú ìdìbò ọdún 2019, obìnrin 6 péré ló wọlé sínú ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè Benin, tó wà ní Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Àga 83 ló wà níbẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí wọ́n tún dìbò ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, obìnrin di 28 nínú 109.

Kì í ṣe pé àwọn olùdìbò Kétu tàbí Sakete ṣàdédé yí ọkàn padà. Òfin ló yí padà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, wọ́n tún òfin ilẹ̀ wọn ṣe. Ẹkùn ìdìbò 24 ni Benin ní, wọ́n sì ya àga kan sọ́tọ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan fún obìnrin nìkan. Àwáwí tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú máa ń ṣe, pé àwọn ò rí obìnrin tó kúnjú òṣùwọ̀n, kò tà mọ́.

Àmọ́ ẹ yọ 24 kúrò nínú 28. Àga 85 tó kù, tí tọkùnrin tobìnrin lè du, obìnrin 4 ló rí nǹkan mú níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí obìnrin bá ti rówó, ipò á tẹ̀ lé e. Ta ló wá ń pawó ní ọjà Dantokpa ní Kútọnu bí kò ṣe àwọn obìnrin? Ní Abẹ́òkúta, àwọn ìyálọ́jà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn jà lórí owó orí títí Aláké fi kúrò lórí oyè ní 1949. Ẹni tó lè mú ọba kúrò láàfin kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá agbára. Àga ni kò sí.

Ní Nàìjíríà, ẹ̀dínwó la fi ṣe tiwa. Ní 2022, ẹgbẹ́ APC ta fọ́ọ̀mù sẹ́nétọ̀ ní mílíọ̀nù 20 náírà, wọ́n ní kí obìnrin san owó ìfìfẹ́hàn nìkan. Lóṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà, ilé aṣòfin méjèèjì l'Abuja da àbá tó fẹ́ fi àga 111 kún ti tẹ́lẹ̀ fún obìnrin nù. Lẹ́yìn ìdìbò 2023, obìnrin 3 ni wọ́n kéde nínú sẹ́nétọ̀ 109. Ilé ẹjọ́ ló fi ẹnì kẹrin kún wọn.

Irú àbá bẹ́ẹ̀ ti tún padà dé Abuja. Bí olóṣèlú bá wá tọrọ ìbò ládùúgbò yín, ẹ bi í bóyá yóò fọwọ́ sí i.