Sísanra Kọ́ Ni Agbára

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ohun tó fara sin. Bí a bá wo inú ọjà, bí a bá sì wo yàrá tí àwa tíṣà ń jókòó sí nígbà ìsinmi, a ó rí i pé ara wa ń tóbi sí i. Bí ẹnìkan bá sanra, a máa ń kí i pé, "Ẹ kú ìgbádùn o, owó ń bẹ!" Bí ó bá rù, a ó bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá. Èmi náà ti kí ènìyàn bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi ní GRA, Ìlọrin, ti mú kí n jáwọ́ nínú irú ìkíni bẹ́ẹ̀.

Àlàájà ni gbogbo ilé ń pè é. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni ó ń tà. Nígbà tí ó ń gbé nítòsí Ọjà Ọba, ẹsẹ̀ ni ó fi ń rìn lọ sí ìsọ̀, òun tìkára rẹ̀ a sì máa bá alábàárù gbé àpò. Nígbà tí ó yá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, mú un lọ sí ọ̀dọ̀ ara wọn ní GRA. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìlọrin mọ̀ pé àdúgbò náà kì í ṣe àdúgbò ariwo. Àwọn òyìnbó amúnisìn ni wọ́n kọ́kọ́ là á sílẹ̀ fún ara wọn: ọ̀nà gbọọrọ, igi abòji, ilé tí ó jìnnà sí ara wọn. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ ni ó ń gbé Àlàájà lọ sí ọjà, ọkọ̀ ni ó sì ń gbé e bọ̀. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni ó ń jókòó ní ìsọ̀, oúnjẹ rẹ̀ kò sì dínkù. Láàárín ọdún mẹ́fà, ó di kílógírámù 92, bẹ́ẹ̀ ni gíga rẹ̀ kò ju mítà 1.60 lọ.

Ìwúwo yìí kọ́ ni ó dùn ún jù. Ní ọjọ́ kan, ó forí kanlẹ̀ nígbà tí ó ń kí ìrun àsùbáà, kò sì lè dìde mọ́. Ọmọ rẹ̀ ni ó fà á nà ró. Láti ọjọ́ náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí kí ìrun lórí àga, bí arúgbó, nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún 56 lọ. Nígbà tí mo lọ kí i, ó ní, "Tíṣà, ìwọ tí o kàwé, sọ fún mi. Èmi tí mo tóbi tó báyìí, kí ló dé tí n kò ní agbára?"

N kò lè dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè yẹn ni ó mú kí n bẹ̀rẹ̀ sí wá ìwé kà, kí n sì máa bi àwọn tí ó mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí iṣan jẹ́. Ẹran ara tí ó so mọ́ egungun wa, tí ó ń nà tí ó sì ń sún kì, tí a fi ń rìn tí a sì fi ń gbé ẹrù, ni mo ń pè ní iṣan níhìn-ín. Lára ẹni tí kò sanra jù, ó tó nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún ìwúwo ara. Omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èròjà amúaradàgbà, irú èyí tí ó wà nínú ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹran, ni ara fi ń mọ ọ́n.

Nígbà kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a bá ti mọ iṣan tán, ó parí náà nìyẹn. Ọmọ Jámánì kan tí ń jẹ́ Rudolf Schoenheimer, tí ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Columbia ní New York, fi hàn ní àwọn ọdún 1930 pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó fi àmì sí èròjà inú oúnjẹ tí ó fún àwọn eku jẹ, ó sì rí i pé èròjà tuntun ń wọlé sínú ẹran ara wọn, ti àtijọ́ sì ń jáde. Ara wa dà bí ilé alámọ̀ tí bíríkìlà kì í kúrò nídìí rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni ó ń yọ èyí tí ó ti gbó, tí ó sì ń fi tuntun dí i. Bí yíyọ àti fífi bá dọ́gba, ilé á dúró. Bí yíyọ bá ju fífi lọ, ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́lẹ́.

Ohun méjì ni ó ń jí bíríkìlà yìí sí iṣẹ́: èkíní ni oúnjẹ tí èròjà amúaradàgbà wà nínú rẹ̀, èkejì ni iṣẹ́ tí a fi iṣan náà ṣe. Nínú ìwádìí mélòó kan, àwọn onímọ̀ rí i pé bí ẹni tí ó sanra jù bá jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, bíríkìlà rẹ̀ kì í tètè jí bí ti ẹni tí kò sanra. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tún ń jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́, a jẹ́ pé ohun èkejì náà kò sí. Lóòótọ́, iṣan ẹni tí ó sanra lè pọ̀ ju ti ẹni tí ó rù lọ, nítorí ẹrù tí ó ń gbé kiri kò kéré. Ṣùgbọ́n bí a bá fi agbára iṣan náà wé ìwúwo tí ó níláti gbé, kò tó. Ọ̀rá a tún máa wọ àárín iṣan, bí koríko ṣe ń wọ àárín ebè.

Ọ̀rọ̀ okun inú ara ńkọ́? Bí a bá jẹ àmàlà tàbí ìrẹsì, ó ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Iṣan ni oníbàárà ńlá tí ó ń ra ṣúgà yìí. Ínsúlínì, tí Banting àti Best ṣàwárí ní Toronto ní 1921, ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún un láti wọlé. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rá bá ti pọ̀ ju ibi ìpamọ́ rẹ̀ lọ, a máa ya wọ inú iṣan àti ẹ̀dọ̀. Ní 1963, Philip Randle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge ṣàlàyé bí ọ̀rá ṣe ń gba iṣẹ́ mọ́ ṣúgà lọ́wọ́ nínú iṣan. Ínsúlínì á kanlẹ̀kùn títí, ilẹ̀kùn kò ní ṣí dáadáa. Ṣúgà á wá máa rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀nà tí àtọ̀gbẹ ń gbà wọlé sì nìyẹn.

Nígbà tí mo ṣe àlàyé yìí fún Àlàájà, mo ní, "Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ ó mọ̀ ọ́n ju èmi lọ. Ẹ dà bí ẹni tí ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ kún fọ́fọ́, ṣùgbọ́n tí kò rí owó ná." Ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí.

Àwọn kan á ní ara ẹni tí ó sanra kì í jó oúnjẹ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara ńlá ń ná okun ju ara kékeré lọ, kódà lójú oorun. Ní 2008, àwọn onímọ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn obìnrin Yorùbá ní agbègbè Igbó-Ọ̀rà àti àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Chicago, Amẹ́ríkà. Wọ́n fún wọn ní omi tí a fi àmì sí mu, wọ́n sì fi ìtọ̀ wọn mọ iye okun tí wọ́n ń ná. Àwọn ti Amẹ́ríkà sanra ju àwọn tiwa lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ro ti bí ara olúkúlùkù ṣe tóbi tó mọ́ ọn, okun tí wọ́n ń ná lójúmọ́ kò yàtọ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ohun tí ó ń wọ ẹnu kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Èyí ni ó ṣi Àlàájà lọ́nà. Ó ní bí ó bá jẹ́ ẹnu ni, òun yóò pa ẹnu dé. Ó ra àgbo ìtẹ́ra, ó sì ń jẹ ẹ̀kọ kan ṣoṣo lójúmọ́. Láàárín oṣù kan ààbọ̀, ó bọ́ sí kílógírámù 86. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé, àwọn ènìyàn ní ó kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ó tún gbìyànjú láti kí ìrun lórí ẹní, kò lè dìde rárá. Ó sunkún lójú mi.

Nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn ìjọba ni ó là á yé wa. Ó ní, "Mama, bí ènìyàn bá fi ebi pa ara rẹ̀, ọ̀rá nìkan kọ́ ni ó ń lọ. Ìwúwo tí ẹ rò pé ẹ jèrè rẹ̀, iṣan wà nínú rẹ̀." Àwọn onímọ̀ sọ pé nígbà tí a bá fọn láìṣe eré ìdárayá, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí a pàdánù lè má jẹ́ ọ̀rá. Láìpẹ́, ebi borí Àlàájà, ó padà di kílógírámù 93.

Nígbà náà ni a tún bẹ̀rẹ̀, lọ́nà mìíràn. Kò fi ebi pa ara rẹ̀ mọ́. Ó dín àmàlà àti ìrẹsì kù, ó fi ṣúgà sílẹ̀ nínú tíì, ṣùgbọ́n ẹ̀wà, ẹyin, ẹja tàbí wàrà tí a kò dín kò wọ́n nínú oúnjẹ rẹ̀. Àgbàlagbà tí ó wọn kílógírámù 60 nílò nǹkan bí gírámù 50 èròjà amúaradàgbà lójúmọ́. Ẹyin kan ní nǹkan bí 6. Ẹ̀wà gbígbẹ gírámù 100 ní ju 20 lọ. Olówó nìkan kọ́ ni ó lè rí i jẹ.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ó ń rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lábẹ́ àwọn igi GRA, títí dé títì Ahmadu Bello, ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó ń dìde lórí àga, ó ń jókòó padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré ni, ọwọ́ ni ó sì fi ń ti ara rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó di ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún láìfọwọ́ kan nǹkan, lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé mùdù ìrẹsì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ méjèèjì. Ó bá ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ ní 2020 mu: ó kéré tán, 150 ìṣẹ́jú eré ìdárayá lọ́sẹ̀, àti eré tí ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀.

Oṣù mẹ́sàn-án ni ó gbà. Ẹ wò ó, nígbà tí a tún wọ̀n ọ́n, kílógírámù 86 náà ni! Òṣùwọ̀n kan náà, ṣùgbọ́n ara ọ̀tọ̀ ni. Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ kan, ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó forí kanlẹ̀, ó sì dìde fúnra rẹ̀. Kò wí nǹkan kan. Ó kàn gbé àga náà, ó ní kí n gbé e padà sí yàrá ìjẹun.

Ẹ̀yin ará mi, Àlàájà kò tíì di pẹ́lẹ́ńgẹ́, mo sì mọ̀ pé ọ̀nà ṣì jìn. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní 2022, nínú ènìyàn mẹ́jọ láyé, ẹnìkan sanra kọjá ààlà. Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí, ọmọ ọdún 36, fi tépù télọ̀ wọn ìbàdí ara mi: sẹ̀ǹtímítà 98, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin kò yẹ kí ó dé 94, obìnrin kò sì yẹ kí ó dé 80. Láti ọjọ́ náà, dídúró ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì.

Ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, tàbí tí ó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, kí ó kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ó tó yí oúnjẹ rẹ̀ padà. Ẹ̀yin yòókù, ẹ dìde lórí àga tí ẹ jókòó sí yìí, láìfọwọ́ tì í. Bí ó bá ṣòro fún yín, òní ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò fi ń gun àgbọn.