Sòbìà Tó Lọ, Ibà Tó Kù

Ọmọ tí wọ́n bí ní Òrò, ní Kwara, lónìí kò mọ sòbìà, ṣùgbọ́n kò sí ilé tí ibà kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Kòkòrò tó ń gbé inú ara ènìyàn, tó ń jẹ lára rẹ̀, ló ń fa àìsàn méjèèjì. Ọdún 1987 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tó ní sòbìà kiri láti abúlé dé abúlé; ọdún yẹn náà ni àwọn onímọ̀ ṣẹ̀dá RTS,S, abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà. Sòbìà ti lọ. Ibà ṣì wà.

Ẹni tó bá dàgbà ní ìgbèríko Kwara láyé ìgbà náà á rántí bí wọ́n ṣe ń wé aràn ọ̀hún mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ lójúmọ́, torí bó bá já sínú ara, wàhálà ńlá ni. Ó lè gùn tó mítà kan. Àgbẹ̀ á wà lórí ẹní nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ ebè. Ewé olúgànbe ni òwe ní ká ké sí bí sòbìà bá fẹ́ degbò.

Àwọn tó ní sòbìà tí wọ́n rí nígbà náà ju 650,000 lọ káàkiri orílẹ̀-èdè. Kò sí abẹ́rẹ́ fún un, kò sí oògùn tó ń pa á, ẹni tó sì mú lọ́dún yìí lè tún kó o nínú omi lọ́dún tó ń bọ̀. Aṣọ asẹ́ tí ìyàwó ilé so mọ́ ẹnu ìkòkò omi ló lé e, pẹ̀lú kànga ẹ̀rọ, oògùn Abate tí wọ́n ń dà sí adágún, àti ará abúlé tó ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé. Luke Edungbola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìlọrin ti fi hàn ní Asà, ní Kwara, bí sòbìà ṣe wálẹ̀ nígbà tí omi kànga tí UNICEF ṣe ìrànwọ́ fún dé. Ọ̀gágun Yakubu Gowon, olórí orílẹ̀-èdè tẹ́lẹ̀, fúnra rẹ̀ wọ abúlé kiri. Ní ìpínlẹ̀ Enúgu ni wọ́n ti rí ẹni ìkẹyìn, ní Oṣù Kọkànlá 2008.

Ṣé a ò wá lè lé ibà lọ bẹ́ẹ̀? A ò lè ṣe é. Omi ṣeé sẹ́, afẹ́fẹ́ kò ṣeé sẹ́. Ẹ̀fọn ń fò, omi tó dúró sójú ẹsẹ̀ màlúù sì ti tó o yé ẹyin sí. Ìyàtọ̀ tó tún ga ju ìyẹn lọ wà nínú ara wa gan-an: ara kì í mọ bí a ti ń bá sòbìà jà, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ ti ibà, bó tilẹ̀ pẹ́. Ìdí nìyí tí ibà fi lè mú àgbàlagbà kó sì tún lọ sọ́jà, tí ibà kan náà sì ń pa ọmọ ọdún méjì. Ohun tí ara lè kọ́, abẹ́rẹ́ lè kọ́ ọ.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Kí wákàtí kan tó pé tí ẹ̀fọn jẹni, kòkòrò ibà ti wọ ẹ̀dọ̀, ó sì ń pa aṣọ dà kó tó bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ọdún 2021 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó fọwọ́ sí RTS,S, èyí tó dá nǹkan bí 36 dúró nínú gbogbo 100 ibà láàrin ọdún mẹ́rin. Àwọn kan ní ó kéré. Èmi ò gbà: ní Gánà, Kẹ́ńyà àti Màláwì, ikú àwọn ọmọdé dín kù ní ìdá 13 nínú 100 níbi tí wọ́n ti ń fún wọn.

Abẹ́rẹ́ ibà kejì, R21, ti Yunifásítì Oxford àti Serum Institute ti Íńdíà, tí NAFDAC fọwọ́ sí ní 2023, ni Nàìjíríà ń lò. Kebbi àti Bayelsa ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ní Oṣù Kejìlá 2024. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọmọ ń gbà á: ní oṣù márùn-ún, mẹ́fà, méje, àti oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Oṣù mẹ́jọ tó wà láàrin ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin ló ń bà mí lẹ́rù. Ọmọ ti ń rìn nígbà náà, ìyá rẹ̀ ti padà sóko, káàdì abẹ́rẹ́ ti wọ ìsàlẹ̀ àpótí. Ẹni tó lè lọ kan ilẹ̀kùn ìyá náà ni irú ará abúlé tó ń pín aṣọ asẹ́ lọ́jọ́sí, tó mọ ọmọ ta ló ti pé oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Ìjọmu àti Ìlúdùn ní Òrò. Owó irú ẹni bẹ́ẹ̀ yẹ kó wà nínú ìṣirò ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó abẹ́rẹ́, kí wọ́n má sì yọ owó nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kúrò nítorí ẹ̀.